Ìtọ́sọ́nà fún ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ òkè fún ìdíje: ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ kó tó kan agbára ẹsẹ̀

Ní oṣù keje ọdún 2021, nínú ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo, Mathieu van der Poel ọmọ ilẹ̀ Netherlands wà lára àwọn tí wọ́n ń retí pé yóò gba góòlù kẹ̀kẹ́ òkè (mountain bike). Ní ti agbára ẹsẹ̀, ẹni tó lè bá a figa gbága kò pọ̀. Ìyípo àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì wà nígbà tó dé orí àpáta ńlá kan tí ọ̀nà ti já wálẹ̀ lójijì. Nígbà ìdánrawò, wọ́n gbé pákó síbẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje gan-an, wọ́n ti gbé e kúrò, ṣùgbọ́n Van der Poel rò pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ó já bọ́ gbì, kò sì parí eré náà. Ẹni tó gba góòlù lọ́jọ́ yẹn ni Tom Pidcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 21.

Ohun tó mú mi fi ìtàn yìí ṣáájú ni pé gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdíje, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Kí ni kí n ṣe kí ẹsẹ̀ mi lè le sí i?" Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò ṣáájú. Ara tó ń dàgbà ń mú agbára bọ̀ fúnra rẹ̀, bí o bá ti ń jẹ́ kó jẹun kó sì sùn. Ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni kì í dédé wá, ìgbà èwe ni ara sì máa ń tètè gbà á. Nítorí náà, bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn: ọgbọ́n ṣáájú, agbára tẹ̀ lé e.

1. Mọ irú eré tí o fẹ́ wọ̀

Kẹ̀kẹ́ òkè kì í ṣe eré kan ṣoṣo. Downhill wà, níbi tí oníkálukú ti ń dá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí aago sì ń ka ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Short track wà, èyí tó máa ń tó bí ìṣẹ́jú 20. Marathon náà wà, tó ń jẹ ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tí mò ń sọ níbí ni cross-country, tó wọ Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996. Gbogbo yín lẹ jọ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ ó máa yí ipa ọ̀nà kan tó tó kìlómítà mẹ́rin sí mẹ́fà po, lórí òkè, gbòǹgbò, òkúta àti ẹrẹ̀. Fún àwọn ọmọ ọdún 17 àti 18 nínú ìdíje àgbáyé, ó máa ń gbà tó wákàtí kan tàbí kó fi díẹ̀ lé e. Ti àwọn tó kéré sí wọn kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún ìbí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ sí ẹgbẹ́. Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kìíní àti ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá ọdún kan náà jọ ń sá eré kan ni. Bí o bá jẹ́ ọmọ oṣù kejìlá tí àwọn ojúgbà rẹ sì ń fi ọ́ sílẹ̀ lórí òkè, rántí èyí kí o tó sọ pé o ò lẹ́bùn.

Agbára kì í jáde gbọọrọ nínú eré yìí bíi ti kẹ̀kẹ́ ojú títì. Ní ìṣẹ́jú kan o ń fi gbogbo ara gun òkè. Nígbà tó máa fi di ìṣẹ́jú kejì, o ò tẹ pẹ́dà mọ́, o ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta, ọkàn rẹ sì ṣì ń lù kìkì. Nǹkan mẹ́ta lo nílò: èémí tó gùn, agbára láti ya sáré léraléra, àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n nígbà tí èémí bá fẹ́ tán.

2. Jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ bá ara rẹ mu

Kẹ̀kẹ́ tó bá ọ mu lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn lè má bá ọ mu mọ́ lónìí. Àwọn òbí kan máa ń ra èyí tó tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a, bí ẹni ń ra aṣọ iléèwé. Aṣọ tó tóbi kò lè ju ọmọ sí kòtò. Kẹ̀kẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ bàtà tí o fi ń gun kẹ̀kẹ́, fara ti ògiri, jókòó, kí o gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ nà tán láìjẹ́ pé ìdí rẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, èyí sì ni a ń fẹ́. Bí o bá wà ní àsìkò tí ara ń yára ga, tún un wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Apá pẹ́dà (irin tí pẹ́dà so mọ́) tó gùn jù máa ń dá ẹni kúkúrú ní wàhálà ní orúnkún, nítorí náà béèrè fún èyí tó kúrú.

Bíréèkì náà ńkọ́? Sún ọwọ́ bíréèkì mọ́ra títí ìka ìfábẹ̀lá kan ṣoṣo á fi lè fà á láìnà, kí ìka tó kù lè máa di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní ojo nígbà ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ojo. Ìka wọn ni kò dé ibi bíréèkì.

Afẹ́fẹ́ táyà ni ohun tí kò náni lówó tó sì ń yí ohun gbogbo padà. Ẹni tó fúyẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ bíi ti àgbà sí táyà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí gbòǹgbò bíi bọ́ọ̀lù. Fún ọ̀dọ́ tó wọn bíi kìlógíráàmù 45 sí 55, lórí táyà fífẹ̀ tí kò ní túùbù, bẹ̀rẹ̀ láti bí 20 psi (psi ni òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà). Gun ọ̀nà kan náà, dín in kù ní ẹyọ psi kan, tún un gùn. Nígbà tí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ní kọ́nà tàbí tí o gbọ́ tí irin ìdí táyà gbá òkúta, fi ẹyọ méjì kún un padà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ̀yìn máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ju tiwájú lọ díẹ̀. Oje tó ń dí ihò nínú táyà máa ń gbẹ. Má ṣe jẹ́ kó di ọjọ́ ìdíje kí o tó rántí.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, nígbà tí o bá dúró lórí pẹ́dà pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ, ó yẹ kó rì wọlé ní bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìwọ̀n tó lè rì. Bí kò bá rì rárá, a jẹ́ pé àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Akoto tó bá ti gbá ilẹ̀ gidi, pààrọ̀ rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán.

3. Kọ́ ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ nígbà tí ara ṣì tutù

Ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ó tó rẹ̀ ọ́. Ara tó ti rẹ̀ máa ń kọ́ àṣìṣe, á sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìdúró ni ìpìlẹ̀. Pẹ́dà méjèèjì dọ́gba, ìdí ti kúrò lórí ìjókòó, orúnkún àti ìgúnpá ṣí sílẹ̀, àyà bọ̀ wálẹ̀, gìgísẹ̀ rì díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kí ó gbé ẹrù rẹ. Ọwọ́ kàn ń darí ni. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kí ó fi ọwọ́ ti ọ́ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, láti iwájú, láti ẹ̀yìn. Bí o bá mì tí o kò yẹ̀, ó ti dúró nìyẹn. Bí ọwọ́ bá ń ro ọ́ lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ kan, ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lórí kẹ̀kẹ́ òkè, ìwà ọmọdé yẹn gan-an ni mò ń fẹ́. Ibi tí ojú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ: wo òkúta, o ó gbá òkúta, wo àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ó gba ibẹ̀ kọjá. Má wo táyà iwájú. Máa wo ibi tí o máa dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kí o sì gbàgbé èyí tó wà lábẹ́ rẹ, torí o ti rí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan láti fi kọ́ ọ nìyí: jẹ́ kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ kọ́nà, kí ó máa na ìka sókè, kí ìwọ sì máa pe iye ìka náà jáde bí o ṣe ń bọ̀.

Lórí bíréèkì, mo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bíréèkì iwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù, nítorí pé nígbà tí o bá fà á, ẹrù á rọ́ síwájú, táyà iwájú á sì di ilẹ̀ mú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ máa ń fi tẹ̀yìn nìkan yọ̀ lọ títí wọ́n á fi wọ igbó. Wá ibi tó tẹ́jú, fa ilà kan sílẹ̀, sáré dé ibẹ̀, kí o wo iye ìgbésẹ̀ tí o fi dúró. Ṣe é pẹ̀lú tẹ̀yìn nìkan, pẹ̀lú tiwájú nìkan (rọra fà á, kí o sún ìdí sẹ́yìn), lẹ́yìn náà pẹ̀lú méjèèjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu. Òfin tó tẹ̀ lé e: fa bíréèkì nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán, kí o tó wọ kọ́nà, kí o sì tú u sílẹ̀ nínú kọ́nà. Táyà kò lè fi gbogbo agbára rẹ̀ dúró kí ó tún fi gbogbo rẹ̀ yí. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ń tẹ̀ síwájú, gbé aago, sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan náà nígbà mẹ́ta, kí o sì ka iye ìgbà tí o fọwọ́ kan bíréèkì. Èyí tí o fọwọ́ kàn án díẹ̀ jù, tí ara rẹ sì balẹ̀, òun ló sábà máa ń yá jù.

Kọ́nà: gbé ìgò omi méjì sílẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí o máa yí wọn po bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Kẹ̀kẹ́ ni kí ó tẹ̀, kì í ṣe ìwọ; fi ọwọ́ inú ti kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀, jẹ́ kí ara rẹ dúró lókè rẹ̀, kí pẹ́dà tó wà níta sì wà nísàlẹ̀ kó gbé ẹrù. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀gbẹ́ kan tó gọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí o ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Gbígbé táyà iwájú sókè, gbígbé tẹ̀yìn, àti dída méjèèjì pọ̀ láti fò kọjá igi, bàtà lásán lórí pẹ́dà pẹrẹsẹ ni kí o fi kọ́ ọ. Pẹ́dà tó ń di bàtà mú máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: o ó kàn fi ẹsẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ sókè, o ó sì rò pé o ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀nà ti já, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí kò ga ju ọwọ́ kan lọ. Eré díẹ̀, ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ síwájú bí táyà iwájú ṣe ń kúrò lórí ilẹ̀, kí táyà méjèèjì balẹ̀ pọ̀. Nígbà tí o bá ṣe é dáadáa nígbà 10 nínú 10, ìgbà yẹn lo lè lọ síbi tó ga jù ú lọ. Má ṣe é ní ìwọ nìkan.

Òkè gígùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sì kà á sí. Ibi tó ga gan-an, pààrọ̀ gíà kí o tó débẹ̀, sún síwájú lórí ìjókòó títí o fi fẹ́ yọ̀ kúrò, tẹ àyà wálẹ̀, kí ìgúnpá sì kọjú sí ilẹ̀. Bí o bá dìde dúró lórí ilẹ̀ tútù, táyà ẹ̀yìn á yí lásán. Bí gbòǹgbò bá dábùú ọ̀nà, tẹ pẹ́dà kan gbọn-in kí o tó débẹ̀, kí o sì mú ara fúyẹ́ bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń kọjá.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti mọ́ ọ lára, tí o ti lè ṣe é bí ẹni ń rìn, ìgbà yẹn ni kí o gbé e lọ síbi tí èémí ti ń tán. Sá òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí o sì wọ ibi olókùúta náà lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń rí lọ́jọ́ ìdíje gan-an nìyẹn.

4. Ọ̀sẹ̀ ìdánrawò: èyí tó rọrùn kó rọrùn, èyí tó le kó le

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré ìdárayá ń lò: wákàtí ìdánrawò ọ̀dọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Àlà ni òfin yìí fà sílẹ̀, kò ní kí o dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tó ń fi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣe ohun tó mọ́gbọ́n dání ti ṣe púpọ̀. Bí o bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé, ìyẹn náà wà nínú ìṣirò.

Fi òṣùwọ̀n 1 sí 10 díwọ̀n bí ó ṣe le tó. Ọjọ́ tó rọrùn kò gbọdọ̀ ju 3 tàbí 4 lọ: o ń sọ̀rọ̀, o ń parí gbólóhùn, o lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó le jẹ́ 8 tàbí 9: o kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ní 6. Ó le jù fún ara láti sinmi, kò sì le tó láti kọ́ ara ní nǹkan kan. Ohun tó sì ń fà á kò ju pé àgbà kan ń gùn níwájú wọn, tàbí fóònù ń fi hàn pé ẹnì kan ti yára jù wọ́n lọ lórí òkè yẹn. Pa fóònù. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi.

Ọjọ́ líle méjì ti tó lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan ó kéré tán sì wà láàárín wọn. Ìdíje jẹ́ ọjọ́ líle. Bí mo bá ń to ọ̀sẹ̀ fún ọmọ ọdún 15 tàbí 16 tí kò ní ìdíje lópin ọ̀sẹ̀, yóò sinmi pátápátá ní Mọ́ńdè. Túsìdeè, ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà eré líle. Wẹ́sìdeè, wákàtí kan tó rọrùn tàbí kí ó lọ lúwẹ̀ẹ́. Tọ́sìdeè, ọgbọ́n kẹ̀kẹ́. Fúráìdeè, ìsinmi. Sátidé, eré líle lórí ipa ọ̀nà gidi. Sọ́ńdè, wákàtí méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Eré líle wo? Mẹ́ta ni mo máa ń fi pààrọ̀ ara wọn. Èkíní, ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí òkè ní 8, ìṣẹ́jú mẹ́ta ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ yá bíi ti àkọ́kọ́. Bí kò bá yá, o ti sáré jù níbẹ̀rẹ̀. Èkejì, ìṣẹ́jú-àáyá 30 líle, 15 pẹ̀lẹ́, kí o máa tún un ṣe títí ìṣẹ́jú mẹ́jọ á fi pé, sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ló jọ eré ìdíje jù. Ẹ̀kẹta, ìgbéra: ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí pẹ́dà, ẹnì kan á pàtẹ́wọ́, sáré fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, sinmi tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Gíà tí o fi gbéra, yàn án kí o tó dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ó fúyẹ́. Bí àìsàn tàbí ìdánwò iléèwé bá jẹ ọ̀sẹ̀ kan mọ́ ọ lọ́wọ́, fi í sílẹ̀. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Ẹ̀rọ tó ń wọn agbára lórí pẹ́dà? Kó tó ọdún 16, mi ò rí ohun tí ọ̀dọ́ fẹ́ fi ṣe. Ó kàn ń kọ́ ọ láti wo nọ́ńbà dípò ọ̀nà.

5. Ara tó ń dàgbà

Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń yára ga jù ní nǹkan bí ọdún 12, àwọn ọmọkùnrin ní nǹkan bí ọdún 14. Fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí àmì bá fò sókè lójijì, egungun ti ṣáájú iṣan nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tí o ti mọ̀ bí ẹni mọ owó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ́ bí àjèjì, ìrora sì lè dé sórí egungun tó yọ gbẹ̀ǹdù lábẹ́ orúnkún. Àwọn dókítà ń pè é ní Osgood-Schlatter. Ó máa ń lọ bí ìdàgbà bá dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n títẹ gíà líle lé e lórí á jẹ́ kó pẹ́. Dín òkè kù, lo gíà fífúyẹ́, fi kún ọgbọ́n kẹ̀kẹ́. Àìlèdarí-ara yẹn á kọjá. Kì í ṣe pé o ti gbàgbé ohun tí o mọ̀.

Oorun: wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lálẹ́ fún ọmọ ọdún 13 sí 18. Kò sí ohun tí wọ́n ń tà nínú ìgò tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá jí, kí o tó dìde, ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ó bá fi bíi 7 tàbí 10 ju bó ṣe máa ń rí lọ fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra, tí inú sì ń bí ọ lásán, ọjọ́ líle di ọjọ́ ìsinmi nìyẹn.

Ní ti oúnjẹ, mo máa sọ ọ́ láìbò: ọ̀dọ́ tó ń ga tó sì ń díje kò ní ohun tó ń fi ara rírù ṣe. Olùkọ́ tó bá ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n kí ó lè gun òkè dáadáa ń ba egungun ọmọ náà jẹ́. Bí oúnjẹ kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn nǹkan kan tì: egungun á di ẹlẹgẹ́, àìsàn á máa pààrọ̀ ara wọn, nǹkan oṣù ọmọbìnrin á dúró. Bí nǹkan oṣù bá ti wá rí tẹ́lẹ̀, tó sì ti di oṣù mẹ́ta tí kò wá, dókítà ló kàn, kì í ṣe ohun tí a ń fi yangàn. Jẹ oúnjẹ afáralókun ṣáájú eré, jẹ ẹ́ pẹ̀lú èyí tó ń tún iṣan ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nínú eré tó bá ju wákàtí kan lọ, gíráàmù 30 sí 60 èròjà afáralókun (carbohydrate), bíi ṣúgà, ní wákàtí kan ti tó, bí o bá ti fi kọ́ra nígbà ìdánrawò.

Ìdárayá tó ń mú ara le, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 20: lílọ́ṣòó, títi ara sókè pẹ̀lú ọwọ́, dídúró lórí ìgúnpá, fífò. Kì í dá ìdàgbà dúró bí àwọn kan ṣe ń sọ, bí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n bá ń wò ọ́.

Láàárín ọdún, kí oṣù méjì sí mẹ́ta wà tí o kò díje tí o kò sì ṣe ìdánrawò kẹ̀kẹ́. Kò pọn dandan kí wọ́n tẹ̀ léra. Ṣe eré mìíràn.

6. Ọ̀sẹ̀ ìdíje àti ọjọ́ ìdíje

Dín wákàtí kù sí bí ìdajì, àmọ́ jẹ́ kí eré kúkúrú líle díẹ̀ kù níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa sùn. Má ṣe dán ohun tuntun wò: kì í ṣe táyà, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe bàtà.

Ní ibi ìdíje, fi ẹsẹ̀ rin ipa ọ̀nà náà kí o tó gùn ún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ibi tó le sábà máa ń ní ọ̀nà méjì, èyí tó yá tó sì léwu, àti èyí tó gùn díẹ̀ tó sì rọrùn. Mọ méjèèjì. Nígbà tí èémí bá tán ní ìyípo tó kẹ́yìn, tàbí tí ẹnì kan bá ṣubú dí ọ̀nà kan, èkejì lo máa nílò. Tún lọ wo ọ̀nà náà ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, tàbí kí o bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún: òjò lè ti rọ̀, okùn tó pààlà ọ̀nà lè ti sún, pákó lè ti kúrò.

Mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí eré kúkúrú mẹ́ta wà nínú rẹ̀, kí o sì parí rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó pè yín. Ìgbéra ṣe pàtàkì nítorí pé ọ̀nà máa ń tètè fún, ẹni tó bá wà lẹ́yìn á sì máa dúró de ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò ọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn, má fi ìyípo àkọ́kọ́ pa ara rẹ. Yan ibi mẹ́ta tó fẹ̀ tí o ti rí nígbà tí o ń rìn ín. Ibẹ̀ ni kí o ti máa kọjá wọn.

Omi, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n ti lè gbé e fún ọ. Fi gbígba ìgò láì-dúró kọ́ra nílé. Mo ti rí ẹni tó sọ ipò kẹta nù nítorí ìgò tó bọ́.

Táyà lè jò. Ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, ti Pidcock jò láàárín eré, ó sì pàdánù ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Kò ya sáré bí aláìsàn orí láti lé wọn bá nínú ìyípo kan. Ó ń gbà á padà díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kọjá Victor Koretzky ọmọ ilẹ̀ Faransé ní ìyípo tó kẹ́yìn, tó sì gba góòlù kejì. Nítorí náà, fi bí a ṣe ń dí ihò táyà kọ́ra títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n láìronú.

7. Bí o bá ṣubú

O máa ṣubú. Ìbó ara, fọ̀ ọ́ kí o bò ó. Orí ni mi ò ní gbà kí o fi ṣeré. Bí orí bá gbá ilẹ̀, tàbí tí ara mì jìgìjìgì, tí ojú ń ṣú, tí èébì ń gbé ọ, tí o kò rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀, tàbí tí o kàn ń ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, eré ti parí lọ́jọ́ yẹn, kódà bí o bá wà ní ipò kìíní. Kí dókítà rí ọ. Ìpadà sórí kẹ̀kẹ́ jẹ́ ìpele-ìpele, ó kéré tán ọjọ́ kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, bí àmì kankan bá sì padà wá, o ó padà sí ìpele tó wà ṣáájú. Ẹni tó ṣubú kọ́ ni kí ó pinnu bóyá ara òun ti yá, nítorí gbogbo wọn ló máa ń ní ó ti yá.

8. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ díẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ariwo sọ̀rọ̀ nípa ipò ọmọ yín lẹ́bàá ọ̀nà. Ó mọ ipò tó wà. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ gbé ìgò fún un. Nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà sílé, ẹ jẹ́ kó jẹun kí ẹ tó béèrè nǹkan kan, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ má sì jẹ́ "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

9. Ìwé kékeré

Lálẹ́ ọjọ́ ìdíje, kí o tó sùn, kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé: afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ibi kan tí o ti sọ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kan bíréèkì, àti ibi kan tí o ti fà á tí kò yẹ kí o fà á. Ìlà kẹta yẹn ni iṣẹ́ Túsìdeè.